Ìkòkò àtijọ́ ti di ọjà òkèèrè: Báwo lẹ ṣe lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú?

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ ò ní ṣàì rí ìkòkò kan ní ìgun yàrá tàbí lábẹ́ igi tí kò sẹ́ni tó ń fi se ọbẹ̀ mọ́. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, òjò ń rọ̀ lé e lórí, ọmọdé ń gun orí rẹ̀ ṣeré. Bí àlejò bá wọlé tó ní òun fẹ́ rà á, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń fi ṣẹ̀rín nílé yìí, ọjà gidi ni ní Paris, ní Brussels àti ní New York.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ni ìdílé tó ta ìkòkò ojúbọ baba ńlá wọn ní owó tí kò tó ra àpò ìrẹsì kan, láìmọ̀ pé ohun tó lọ náà kò ní padà wálé mọ́. Ẹnì kejì ni ẹni tó kó owó ńlá lé ìkòkò tí wọ́n mọ lóṣù tó kọjá, tí wọ́n fi ẹrẹ̀ àti èéfín sọ di arúgbó. Nínú àkànṣe ìròyìn yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ọjà náà ṣe ń lọ, àwọn àmì tí ojú lè rí, ohun tí ẹ̀rọ lè sọ, àti ibi tí òfin ilẹ̀ wa dúró sí.

Ta ló ń wá ìkòkò kiri?

Kì í ṣe ìkòkò nìkan ni wọ́n ń wá. Ère ìbejì, igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, oṣé Ṣàngó, ọpọ́n Ifá àti ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, gbogbo rẹ̀ ló ní olùrà. Ohun tí wọ́n fi igi ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá jù láyé ọjọ́un. Ìkòkò kò tètè gbayì lọ́jà nítorí pé iṣẹ́ obìnrin ni, ó ń fọ́, ẹni tó mọ ọ́n kò sì kọ orúkọ sí i. Nǹkan ti yí padà báyìí. Àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń pàtẹ ìkòkò ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà tí wọ́n ń fún ère, àwọn olówó aládàáni náà sì ń kó wọn jọ.

Bí ọjà náà ṣe ń lọ kò le. Alárìnkiri kan á máa lọ láti abúlé dé abúlé lórí ọ̀kadà, á máa béèrè ohun àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ohun tó bá rí rà, á tà á fún oníṣòwò ní Kútọnu tàbí Lomé. Oníṣòwò náà á tà á fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lókè òkun, onítọ̀hún á sì tà á fún ẹni tó ń kó o jọ. Ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀ á gun òkè. Ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bákan náà, ìtàn á kún ìtàn. Ìkòkò tí ìyá kan fi ń pọn omi á di ìkòkò ọba kí ó tó dé Kútọnu, á sì ti di ìkòkò awo tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú rí kí ó tó dé Paris.

Ṣábẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà tó dára fún òwò yìí, ká má parọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Kútọnu sí Parakou gba ìlú wa kọjá, títì ńlá tó lọ sí àríwá náà wà níbẹ̀, odò Ọ̀pàrà tó pààlà àwa àti Nàìjíríà kò sì jìnnà. Ohun tí wọ́n rà níhìn-ín lè sọdá, ohun tí wọ́n rà lọ́hùn-ún náà lè wọlé, kí wọ́n sì máa pè é ní ti Ṣábẹ̀ẹ́.

Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ kò lè mọ iye rẹ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ ayédèrú, ẹ jẹ́ ká mọ ojúlówó ná. Ìkòkò Yorùbá kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, olúkúlùkù ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìṣasùn ni ti ọbẹ̀. Àmù àti orù ni ti omi. Agbada fẹ̀ lẹ́nu, òun ni wọ́n fi ń dín nǹkan. Ajere ni èyí tí wọ́n dá ihò sí lára. Ìkòkò aró tóbi, ó sì nípọn. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ti òrìṣà wà: ẹ wo àwo ọta Erinlẹ̀, tí ó ní ìdérí, tí wọ́n máa ń mọ ère lé lórí, tí òkúta odò àti omi sì ń wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ló máa jẹ́ kí ẹ lè dá ojúlówó mọ̀. Àwọn ìyá wa kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Wọ́n á wa amọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á yọ òkúta àti gbòǹgbò kúrò, wọ́n á pò ó. Ọ̀pọ̀ wọn á dojú ìkòkò àtijọ́ kan dé, wọ́n á tẹ́ amọ̀ tútù lé ìdí rẹ̀ kí ìdí tuntun lè rí rìbìtì. Bí ìdí náà bá ti gbẹ díẹ̀, wọ́n á yí amọ̀ bí okùn, wọ́n á máa tò ó lé orí ara wọn títí ikùn, ọrùn àti ẹnu ìkòkò yóò fi jáde. Wọ́n á fi èèpo èso tàbí òkúta dídán ra á kí ó lè jọ̀lọ̀, wọ́n á fín ọnà sí i, wọ́n á sì sá a.

Sísun rẹ̀ kì í ṣe nínú ààrò onílé gíga. Orí ilẹ̀ gbalasa ni, pẹ̀lú igi, imọ̀ ọ̀pẹ àti koríko gbígbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ìkòkò bá ṣì ń gbóná, wọ́n á wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi igbá sè sí i lára, igi tí à ń rí irú nínú rẹ̀. Omi náà ń fún un ní àwọ̀ dúdú tó pọ́n díẹ̀, ó sì ń dí àwọn ihò kéékèèké kí ìkòkò má bàa máa jò.

Nítorí náà, ìkòkò ọwọ́ kì í dọ́gba pátápátá. Ibì kan á nípọn ju ibì kan lọ. Ibi tí iná ti jó o jù á pọ́n, ibi tí èéfín ti bò ó á dúdú. Bí ẹ bá fi ìka kan inú rẹ̀, ẹ máa mọ ipa ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n. Ìlà tó yí po bí ìkarahun ìgbín nínú ìkòkò, ẹ̀rọ tó ń yí ló fà á. Ìlà kan tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní apá méjèèjì, inú mọ́ọ̀dù ló ti jáde. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìyá àgbà abúlé kan ló mọ ọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé irọ́ ni.

Àmì tí ojú àti ọwọ́ lè rí

A tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kí ó lè rọrùn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa láti rántí.

Àkọ́kọ́, ẹ wo ìdí. Ìkòkò tó ti jókòó sórí ààrò olókùúta mẹ́ta fún ogún ọdún, ìdí rẹ̀ á ti jẹ níbi tí òkúta ti ń kàn án. Àmù tí wọ́n ń yí lórí ilẹ̀ á jẹ yíká. Ayédèrú máa ń ní ìdí tó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n, tàbí kí wọ́n ti fi òkúta ha á, kí gbogbo ìlà náà sì dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ìkejì, ẹ béèrè bóyá dúdú náà wà níbi tó yẹ. Iná ń ti ìsàlẹ̀ wá ni, nítorí náà ìdí àti ikùn ló yẹ kí ó dúdú jù, kí ó sì máa dínkù bó ṣe ń lọ sókè. Bí ẹ bá rí ìkòkò tí gbogbo ara rẹ̀ dúdú bákan náà, títí kan abẹ́ ẹnu àti inú ọnà fífín, ẹ fura. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nù ún. Dúdú tí iná ọdún púpọ̀ fà ti wọnú amọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n fi fìtílà kẹrosíìnì tàbí políìṣì bàtà ṣe á bá aṣọ yín lọ.

Ìkẹta ni ojú ibi tó fọ́. Ọ̀pọ̀ ìkòkò àtijọ́ ni ẹnu rẹ̀ máa ń ṣá. Ibi tó ṣá lọ́jọ́ pípẹ́ á ti jọ̀lọ̀, á ti ní ìdọ̀tí àti ọ̀rá tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ kí ó lè dà bí arúgbó á ṣì mú, àwọ̀ rẹ̀ á sì mọ́ bí amọ̀ tuntun. Àwọn oníjìbìtì tó gbọ́n á kun ojú ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún kì í wọlé bí ọ̀rá ọwọ́ ènìyàn ṣe ń wọlé.

Ìkẹrin, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ìkòkò ojúbọ tí wọ́n ti ń bọ fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ní ìpele-ìpele: epo pupa, ẹfun, osùn, ìyẹ́ adìyẹ, omi obì. Ìpele wọ̀nyí á ti gan, á ti sán, eruku á ti wọ ojú sísán náà. Epo tí wọ́n dà sí i lóṣù tó kọjá ṣì ń rùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Tíì, kọfí àti oògùn apakòkòrò aláwọ̀ elése àlùkò tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn náà wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa ìkòkò láró. Ìgbẹ́ màlúù náà ni, inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń bò ó mọ́lẹ̀ sí.

Ìkarùn-ún, erùpẹ̀ ara rẹ̀. Ohun tó wá láti inú ilẹ̀ máa ń ní erùpẹ̀ tó le, àti ojú ipa gbòǹgbò tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Erùpẹ̀ gidi á yọ́ bí ẹ bá fi omi kan sí i. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn kò ní yọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé bí erùpẹ̀ náà bá jẹ́ ojúlówó, ìṣòro mìíràn ti dé: ta ló wà á jáde, ta ló sì fún un láṣẹ?

Ìkẹfà, ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó. Ẹni tó bá mọ ère ìbejì mọ ohun tí à ń sọ. Ìyá tó ń wẹ ère, tó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, tó ń fi osùn pa á lára, ojú àti ẹnu ère náà ló máa jọ̀lọ̀ jù, osùn á sì kù sí inú ìlà irun tí ọwọ́ kò dé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tàbí abẹ́ ẹsẹ̀ ère náà ló jọ̀lọ̀, tí ojú sì wà bí ẹni tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, kò sí ìyá tó tọ́ ọ. Bákan náà ni ìkòkò: ibi tí ọwọ́ ń dì í mú, ibi tí igbá ń kàn nígbà tí wọ́n bá ń bu omi, ibẹ̀ ló yẹ kí ó jẹ.

Kò sí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí tó tó láti dájọ́. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bá fohùn ṣọ̀kan ló yẹ kí ẹ gbọ́.

Orí Olókun: ẹ̀kọ́ láti Ilé-Ifẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òpè nìkan ni wọ́n ń tàn jẹ, kí ó gbọ́ ti orí Olókun. Ní ìparí ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì kan tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀ Áfíríkà, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ kan tó ti inú igbó Olókun wá, ó sì san pọ́n-ún mẹ́fà àti ìgò ọtí wisikí kan lórí rẹ̀. Ìlú fi ẹjọ́ sùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Charles Partridge, wá gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì ní kí ó dá orí náà padà. Frobenius dá a padà, ṣùgbọ́n ó kó àwọn orí amọ̀ mélòó kan lọ sí Jámánì.

Ní ọdún 1949, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ orí idẹ náà wò, Leon Underwood àti William Fagg kéde pé kì í ṣe ojúlówó. Wọ́n ní ẹ̀dà tí wọ́n rọ láìpẹ́ ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà rọ ọ́ kò sì bá ti àwọn yòókù mu. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ojúlówó ti sọnù, ìfura sì wọ ọkàn gbogbo ayé. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì British Museum tó tún fi ẹ̀rọ òde òní yẹ̀ ẹ́ wò. Àbájáde wọn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, ni pé ẹ̀rí tí wọ́n fi pè é ní ayédèrú kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì ṣeé ṣe gan-an kí ó jẹ́ ojúlówó tó ti wà láti ìgbà láéláé.

Ẹ ò rí i bí? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pe ohun ìní wa ní ayédèrú fún ọgọ́ta ọdún. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ fi ojú lásán dájọ́, yálà láti yin nǹkan tàbí láti bù ú kù. Oníṣòwò tó bá sọ fún yín pé ìkòkò yín kò níye lórí kò ṣàì ní ìdí tó fi fẹ́ kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ lè sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Fún amọ̀ tí wọ́n ti sun, àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní thermoluminescence. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú amọ̀, iyanrìn kéékèèké wà tó ń gba agbára ìtànṣán láti inú ilẹ̀ àti láti ojú ọ̀run lójoojúmọ́, tó sì ń fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n bá sun ìkòkò, ooru iná náà ń lé gbogbo agbára tó ti kó jọ jáde. Láti ọjọ́ náà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí kó òmíràn jọ. Bí onímọ̀ bá bu díẹ̀ nínú amọ̀ náà, tó sì tún mú un gbóná nínú ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni ọjọ́ tí wọ́n ti sun ìkòkò náà ṣe jìnnà tó.

Kì í sọ ọdún kan pàtó, ṣùgbọ́n ó lè sọ bóyá ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà ni tàbí ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀, àwọn oníjìbìtì ti wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á wá àpáàdì àtijọ́, wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á fi amọ̀ àti gọ́ọ̀mù dí àlàfo, wọ́n á sì sọ ọ́ di odindi ère. Bí onímọ̀ bá bu amọ̀ níbi tí àpáàdì àtijọ́ wà, ẹ̀rọ á ní ojúlówó ni. Àwọn mìíràn á mú amọ̀ sísun àtijọ́, wọ́n á gbẹ́ ẹ bí igi. Ìdí nìyí tí àwọn olùrà tó mọṣẹ́ fi ń bu amọ̀ níbi púpọ̀, tí wọ́n sì tún ń gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ X-ray bí ìgbà tí wọ́n ń wo egungun aláìsàn, kí wọ́n lè rí ojú ìlẹ̀pọ̀.

Ère amọ̀ Nok láti àárín gbùngbùn Nàìjíríà ni wọ́n ṣe jìbìtì báyìí sí jù. Ní 1928 ni ọ̀kan kọ́kọ́ jáde níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran. Ní 1943, orí kan tí àgbẹ̀ kan fi ṣe aṣọ́komásùn nínú oko iṣu dé ọwọ́ Bernard Fagg, òun ló sì fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn tó ti gbé ayé ní ohun tó lé ní 2000 ọdún sẹ́yìn ni. Nígbà tí owó wọlé sórí rẹ̀, àwọn ènìyàn wa ilẹ̀ kiri, àwọn mìíràn sì jókòó wọ́n ń mọ tuntun. Títí di òní, ojúlówó àti ayédèrú ti dàpọ̀ lọ́jà. Ohun tó wá burú jù ni pé ojúlówó tí wọ́n wà jáde láìsí onímọ̀ níbẹ̀ ti sọ ìtàn rẹ̀ nù: kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀.

Àmì ọwọ́ amọ̀kòkò

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń kó ìkòkò jọ máa ń dojú rẹ̀ dé kí wọ́n tó wo ọnà ara rẹ̀, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni àmì ilé iṣẹ́ máa ń wà. Ilé iṣẹ́ Rookwood ní ìlú Cincinnati bẹ̀rẹ̀ sí lo àmì R àti P ní 1886, wọ́n sì ń fi ahọ́n iná kan kún un lọ́dọọdún títí ó fi pé mẹ́rìnlá ní 1900. Ẹni tó bá lè ka ahọ́n iná ti mọ ọdún. Ṣùgbọ́n àmì náà ṣeé jí. Ilé iṣẹ́ Roseville ti pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé ní 1954, síbẹ̀ nígbà tó yá, ìkòkò tuntun láti ilẹ̀ Ṣáínà gba ọjà kan tòun ti orúkọ Roseville lábẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rí i pé lẹ́tà U.S.A. tó yẹ kí ó tẹ̀ lé orúkọ náà kò sí lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Nínú gbogbo ìkòkò Amẹ́ríkà, ọ̀kan wà tó kan àwa ọmọ Áfíríkà gan-an. Ní agbègbè Edgefield, ní South Carolina, ẹrú kan wà tí wọ́n ń pè ní Dave. David Drake ni ayé mọ̀ ọ́n sí báyìí. Láti 1834 títí wọ ọdún 1860 lọ, ó ń mọ ìkòkò ńláńlá, ó ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, ó sì ń kọ ewì sí òmíràn, nígbà tí òfin ìpínlẹ̀ náà kọ̀ pé kí wọ́n kọ́ ẹrú ní ìwé. Ní 2021, ọ̀kan nínú ìkòkò rẹ̀ tí ó mọ ní 1858 wọ gbàǹjo ní $1.56 mílíọ̀nù. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Crystal Bridges ní Arkansas ló rà á. Nígbà ayé rẹ̀, ẹlòmíràn ló ni òun fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ló sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Nítòsí wa níhìn-ín, Ladi Kwali fi ọ̀nà kan náà hàn wá. Abúlé Kwali ni wọ́n ti bí i, ìkòkò omi ló sì ń mọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1954 ó dara pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn ní London, Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Àwọn ìkòkò ilé ẹ̀kọ́ náà ní òǹtẹ̀ lábẹ́, èyí ló mú kí wọ́n gbówó lórí. Òǹtẹ̀ sì rọrùn láti tẹ̀. Ẹ wo òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ tó fa àwòrán alángbá, ejò àti ẹja sí ara ìkòkò náà pẹ̀lú.

Àwọn ìyá tiwa kì í tẹ òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí a má mọ̀ wọ́n. Àbátàn, amọ̀kòkò ìlú Òkè-Odàn nítòsí ẹnubodè Benin, kò kọ orúkọ sí àwo ọta kankan. Síbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Farris Thompson fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1969, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ lónìí. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ìkòkò ni èyí tí a mọ ẹni tó mọ ọ́n, ìlú tó ti wá, àti ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Ìwé, fọ́tò àtijọ́ àti ẹ̀rí ìdílé níye lórí ju àmì abẹ́ ìkòkò lọ.

Kí ni òfin sọ?

Ní Benin, òfin nọ́ńbà 2007-20 ti ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2007 ló fìdí ààbò ohun àjogúnbá múlẹ̀, wọ́n sì ti tún òfin ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2021. Wíwa ilẹ̀ kiri fún ohun àtijọ́ láìgbàṣẹ kò bá òfin mu. Gbígbé ohun tó wà lábẹ́ ààbò kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ náà kò bá òfin mu. Ní Nàìjíríà, láti 1979 ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé lọ́wọ́ àjọ National Commission for Museums and Monuments. Àjọ àgbáyé ICOM náà gbé ìwé àkọsílẹ̀ pupa kan jáde ní 2000 fún ohun ilẹ̀ Áfíríkà tí ewu olè rọ̀ mọ́ jù. Ère amọ̀ Nok àti ti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò àti ère amọ̀ àfonífojì Niger ní Mali.

Ẹni tó bá rò pé òfin wọ̀nyí kò ní eyín, kí ó wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Faransé. Kété kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn tuntun kan ní Louvre ní ọdún 2000, Faransé ra ère amọ̀ mẹ́ta láti Nàìjíríà. Ariwo ta. Ní 2002, Faransé gbà pé Nàìjíríà ló ni wọ́n, wọ́n sì wà ní Paris báyìí gẹ́gẹ́ bí ohun tí a yá fún ọdún 25. Ẹ ò sì ní gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ohun 26 tí ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds kó ní Agbómẹ̀ ní 1892 padà sí Kútọnu. Ọdún 129 ni wọ́n fi wà lẹ́yìn odi. Ohun tó jẹ́ ti ọba ni wọ́n, ìjọba méjì ló sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè wálé. Ta ló máa bá ìdílé kan ní Kaboua tàbí ní Bɛ̀sé sọ̀rọ̀ nítorí ìkòkò tí wọ́n tà fún oní-ọ̀kadà?

Kí ni kí ẹ ṣe?

Bí ẹ bá ní ìkòkò àtijọ́ nílé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí: iwájú, ẹ̀yìn, abẹ́, ẹnu, àti ibi tó ṣá. Ẹ fi rúlà tàbí ọwọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé pé ta ló mọ ọ́n, kí ni wọ́n fi ń ṣe, ọdún wo ló wọlé, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Iṣẹ́ yìí kò gba kọ́bọ̀, àmọ́ òun gan-an ni olè ń bẹ̀rù, nítorí pé ohun tó ní fọ́tò ṣòro láti tà. Ẹ má fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Ohun tí ẹ bá fọ̀ dànù ni ẹ̀rí.

Bí wọ́n bá fẹ́ rà á, ẹ má tà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun ojúbọ kì í ṣe ti ẹnì kan, ó yẹ kí gbogbo ẹbí jókòó lé e lórí. Bí àgbẹ̀ bá kọ ebè tí ìkòkò tàbí ère jáde, kí ó dá ọkọ́ dúró, kí ó fi í síbẹ̀, kí ó sì sọ fún olórí abúlé àti ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bó ṣe wà nínú ilẹ̀ ni ìtàn rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra ìkòkò, pàápàá ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó béèrè iye. Bí olùtajà kò bá lè sọ ibi tó ti rí i, ọ̀nà méjì ló kù: ó jẹ́ ayédèrú, tàbí ó jẹ́ ojúlówó tí wọ́n jí. Kò sí èyí tó dára fún yín nínú méjèèjì. Ọ̀nà kẹta wà tó mọ́ jù: ẹ ra tuntun lọ́wọ́ ìyá tó ń mọ ọ́n. Amọ̀kòkò ṣì wà ní Sè ní ìpínlẹ̀ Mono, wọ́n ṣì wà ní Ìlọrin, àwọn ìkòkò tuntun sì wà lọ́jà lọ́dọ̀ wa náà. Ẹ ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀ fún yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rà á. Ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, ìwé kékeré náà ló máa jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ̀ pé ojúlówó ni.

Àwọn àgbà ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ní ti ìkòkò, òtítọ́ á bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọdá òkun, kò dájú pé yóò lè mú un padà wá sílé.